Ìwé Àdírẹ́sì Àwọn Ọ̀rẹ́ Tí A Kò Fojú Rí

Oríṣìíríṣìí ni ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ àdúgbò wà, ọ̀rẹ́ ọjà wà, ọ̀rẹ́ ilé-ìwé sì wà pẹ̀lú. Bí a kò bá rí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí fún ọjọ́ mẹ́ta, a ó bọ́ sí ọ̀nà, a ó bi àwọn ará ilé rẹ̀ léèrè, wọn yóò sì sọ ibi tí ó lọ fún wa. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rẹ́ kan wà tí a kò fi ojú rí rí, tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, tí a kò sì mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ìwé ni a fi mọ̀ ọ́n, ìwé ni òun náà sì fi mọ̀ wá. Ọ̀rẹ́ orí ìwé ni a óò máa pè é nínú àròkọ yìí. Bí irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ bá sọnù, ta ni a óò bi? Ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a kọ sí ara àpò ìwé ni gbogbo ohun tí a ní nípa ibi tí ó wà. Bí àwọn ìlà náà bá nù, ọ̀rẹ́ náà nù pẹ̀lú wọn, bí ó tilẹ̀ wà láàyè tí ara rẹ̀ sì le.

Ohun tí ó mú wa mú kálàmù ni ìbẹ̀wò kan tí a ṣe sí bàbá kan ní Alajue níhìn-ín, ní ìlú Ẹdẹ. Olùkọ́ ni bàbá náà jẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a bá a tí ó kó gbogbo ẹrù inú àpótí páànù rẹ̀ sí ojú oòrùn, nítorí pé ikán ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ wọ inú rẹ̀. A kí i pé, "Ẹ kú ilé, Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó dáhùn pé, "Ẹ ṣé é, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ wá bá mi gbọn àwọn ìwé wọ̀nyí." Nínú àwọn ìwé tí a ń gbọ̀n ni ìwé àjákọ pẹlẹbẹ kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Bí a ti ṣí i, orúkọ ènìyàn ni a rí, pẹ̀lú àdírẹ́sì lábẹ́ olúkúlùkù: ti Ìbàdàn, ti Iléṣà, ti Kumasi, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Amẹ́ríkà, àti ti Íńdíà. A kà wọ́n, wọ́n jẹ́ 17. Bàbá ní, "Àwọn ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, láti ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Méjì péré ni mo mọ ibi tí wọ́n wà nínú wọn lónìí. Kì í ṣe pé gbogbo àwọn yòókù kú o. Ọ̀nà wọn ni n kò tọ́jú."

Ọ̀rọ̀ yìí gún wa lọ́kàn, nítorí pé kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò ní ẹni tí ó sọnù fún un lọ́nà bẹ́ẹ̀. A wá rò ó pé ó yẹ kí a wádìí ohun tí àdírẹ́sì jẹ́ gan-an, bí ó ti ṣe ń kú, àti bí a ti ṣe lè tọ́jú rẹ̀.

Kí ìwé kíkọ tó dé ilẹ̀ wa, àwọn baba ńlá wa kò ṣe aláìránṣẹ́ sí ara wọn. Àrokò ni wọ́n ń pa. Ní ọdún 1885, ìwé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ àkọsílẹ̀ Gollmer, míṣọ́nnárì ìjọ C.M.S., jáde lórí ọ̀rọ̀ àrokò, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti kọ̀wé lórí rẹ̀ láti ìgbà náà. Bí ẹnì kan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ tí ó fi ránṣẹ́, ohun tí ó ń wí ni pé ọkàn òun fà sí ẹni tí ó rán an sí, nítorí pé ẹ̀fà ni à ń pe mẹ́fà. Bí ẹni tí ó gbà á bá fi mẹ́jọ dáhùn, ó ń wí pé bí ó ti rí lọ́kàn tirẹ̀ ni ó jọ lọ́kàn tòun náà, nítorí pé ẹ̀jọ ni à ń pe mẹ́jọ. Ta ni yóò sọ pé àwọn tí ń fi ẹ̀fà àti ẹ̀jọ ránṣẹ́ sí ara wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ orí ìwé ti ayé àtijọ́?

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò sí àdírẹ́sì lára àrokò. Ẹni tí a fi rán ni ó mọ ọ̀nà. Ó mọ ìlú, ó mọ àdúgbò, ó mọ agbo ilé, ó sì mọ ojú ẹni tí yóò fi lé lọ́wọ́. Bí onítọ̀hún bá ti lọ sí oko, oníṣẹ́ yóò béèrè, yóò sì tẹ̀lé e dé oko. Bí ó bá ti kú, oníṣẹ́ yóò padà wá wí.

Ìfìwéránṣẹ́ ti àwọn òyìnbó yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n dá ilé ìfìwéránṣẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1852; ní 1874 ni sítáǹbù tí a tẹ orúkọ Èkó sí jáde; nígbà tí ojú irin sì dé Òṣogbo ní 1907, tí ó gba Ẹdẹ wa kọjá, àpò ìwé lè kúrò ní etí òkun kí ó sì dé ọ̀dọ̀ wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ̀ rìn. Ohun ìyanu ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbé ìwé náà kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́, wọn kò sì mọ ẹni tí a kọ ọ́ sí. Láti ọwọ́ àjèjì ni ó ti ń bọ́ sí ọwọ́ àjèjì. Ohun tí oníṣẹ́ ayé àtijọ́ ní nínú orí rẹ̀, ara ìwé ni ó gbọdọ̀ wà wàyí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí. Àwa Yorùbá, bí a bá ń júwe ilé, ìlú ni a kọ́kọ́ ń dárúkọ, lẹ́yìn náà àdúgbò, lẹ́yìn náà agbo ilé, kí a tó wá dé orí ènìyàn. Ojú àpò ìwé lòdì sí èyí: orúkọ ènìyàn ni ó ń ṣáájú, orílẹ̀-èdè ni ó sì ń gbẹ̀yìn. Síbẹ̀, bí ti àwa Yorùbá gan-an ni akọ̀wé tí ń ṣa ìwé ṣe ń kà á. Láti ìlà ìsàlẹ̀ ni ó ti ń gòkè. Ẹni tí ó wà ní Amẹ́ríkà kò bìkítà fún orúkọ wa. Ó ń wá Nàìjíríà, ó sì jù ú sínú àpò Nàìjíríà. Ẹni tí ó wà ní Èkó ń wá ìpínlẹ̀ àti ìlú. Ẹni tí ó wà ní ìlú nìkan ni ó ń wá nọ́ḿbà àpótí àti orúkọ ènìyàn. Nítorí náà, bí a bá ṣi orúkọ ọ̀rẹ́ wa kọ díẹ̀, ìwé náà ṣì lè dé, nítorí pé ó ti wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí àṣìṣe náà tó pa á lára. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣi ìlà ìsàlẹ̀ kọ, ìlú tí a kò rò ni ìwé náà yóò bá ara rẹ̀.

Bákan náà ni a gbọdọ̀ sọ ti àpótí ìfìwéránṣẹ́. Ní ìlú wa, kì í ṣe gbogbo ilé ni onílẹ́tà ń dé. Àpótí ni ènìyàn ń háyà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, tí ó ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún, tí ó sì ń lọ ṣí i fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní tirẹ̀ yóò gba ìwé nípasẹ̀ ẹni tí ó ní: ọ̀gá iṣẹ́ rẹ̀, ìjọ rẹ̀, ilé-ìwé rẹ̀, tàbí oníṣòwò kan ní ọjà. Àdírẹ́sì àyálò ni irú èyí. Ó dára, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà lọ́wọ́ láti ní ọ̀rẹ́ ní òkè òkun. Ṣùgbọ́n ohun tí a yá ni a óò dá padà. Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, àpótí ilé-ìwé kò bá a lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò mọ̀. Wọ́n ń kọ̀wé síbẹ̀, ìwé náà sì ń kó eruku jọ lórí tábìlì akọ̀wé títí tí ẹnì kan yóò fi bó sítáǹbù ara rẹ̀.

Ní àwọn ọdún tí bàbá wa yìí ń kọ̀wé sí òkè òkun, àwọn ẹgbẹ́ wà tí ń so ọ̀dọ́ pọ̀ mọ́ ọ̀dọ́. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Student Letter Exchange bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1936. Òmíràn, International Youth Service, bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Turku ní ilẹ̀ Finland ní 1952. Àwọn ìwé ìròhìn pẹ̀lú a máa tẹ orúkọ àwọn tí ń wá ọ̀rẹ́ jáde, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn àti ohun tí wọ́n fẹ́ràn. Ènìyàn yóò mú orúkọ kan, yóò kọ̀wé, yóò sì máa retí. Ìrètí náà kò kéré. Ìwé tí ó gba ojú òkun lọ a máa pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó dé, èsì rẹ̀ a sì tún pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ ìwé mẹ́rin lọ ní ọdún kan tí ó sì gba mẹ́rin padà, ó ṣe dáadáa.

Kò yẹ kí a fi ibi kan pamọ́ nínú ìtàn yìí. Ní 1949, ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan ní Èkó, tí ó sọ ara rẹ̀ ní ọmọ ọba, tí ó sì ń jẹ́ Prince Bil Morrison lórí ìwé, bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé sí àwọn ará Amẹ́ríkà láti tọrọ owó lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Èkó. Àwọn kan a máa fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín. Àwa kò rí ẹ̀rín nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ mìíràn wà ní ọdún náà tí ń kọ̀wé pẹ̀lú ọkàn mímọ́, tí wọn kò tọrọ ju ìtàn yìnyín àti àwòrán ilé-ìwé lọ, irú ìròhìn bẹ́ẹ̀ sì lè mú kí àwọn tí wọ́n ń kọ̀wé sí bẹ̀rẹ̀ sí wò wọ́n bí olè. Ẹni tí a kò fi ojú rí, tí ó gbé àdírẹ́sì ilé rẹ̀ lé wa lọ́wọ́, ti fi ara rẹ̀ sí abẹ́ ìgbọ́kànlé wa.

Wàyí o, báwo ni àdírẹ́sì ṣe ń kú? Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí ìjọba yí orúkọ ilẹ̀ padà. Ẹ wo ilé kan ṣoṣo ní Alajue, tí kò kúrò lójú kan. Kí ó tó di 1967, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni ẹni tí ń kọ̀wé sí i yóò kọ sí abẹ́ orúkọ ìlú. Láti 1967 ó di Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1976 ó di Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ó di Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ògiri ilé náà kò yẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìlà ìsàlẹ̀ ti yí padà nígbà mẹ́ta. Lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa náà, Gold Coast di Gánà ní 1957, Dahomey di Benin ní 1975, Upper Volta sì di Burkina Faso ní 1984. Nọ́ḿbà pẹ̀lú wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí dán kóòdù ìfìwéránṣẹ́ wò ní ìlú Norwich ní 1959, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1963, àwa ní Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó ní fígọ̀ mẹ́fà ní 2000, nínú èyí tí ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ láti 200, ti Ilé-Ifẹ̀ láti 220, ti Òṣogbo láti 230. Ẹni tí ìwé àdírẹ́sì rẹ̀ ti pẹ́ yóò rí i pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ḿbà wọ̀nyí nínú rẹ̀.

Èyí kò burú púpọ̀, nítorí pé àwọn akọ̀wé ìfìwéránṣẹ́ gbọ́n, wọ́n sì mọ orúkọ àtijọ́. Ohun tí ó burú ni kí a ṣí ènìyàn fúnra rẹ̀ nípò lójijì.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà, lábẹ́ Dókítà K. A. Busia, pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ láti gbé ilẹ̀ náà gba ìwé yìí láàrín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde. Àwọn Yorùbá pọ̀ ní Gánà nígbà náà, pàápàá àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí, tí wọ́n ń ṣòwò ní ọjà ńlá àti ọjà kékeré káàkiri ilẹ̀ náà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn ni a bí síbẹ̀ tí wọn kò mọ ilé mìíràn. Láàrín ọjọ́ 14 wọ́n di ẹrù, wọ́n ta èyí tí wọ́n lè tà ní ọ̀pọ̀, wọ́n sì gun ọkọ̀. Ta ni yóò rántí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ láti kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ pé àdírẹ́sì òun ti yí padà? Àdírẹ́sì wo ni yóò tilẹ̀ kọ sí i? (Kí a má ṣe dá Gánà nìkan lẹ́bi: ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì jáde, àwọn ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ilé-ìwé wa, àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ kò sì mọ ibi tí wọn yóò kọ̀wé sí wọn.)

Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ 17 tí ó wà nínú ìwé bàbá yìí ni ti ọmọkùnrin kan ní Kumasi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ orí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé sí ara wọn ní 1964. Àpótí oníṣòwò kan tí bàbá ọmọ náà bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń lò. Ìwé tí ó kẹ́yìn dé ní oṣù kẹwàá 1969. Bàbá wa dáhùn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, nígbà tí àṣẹ ti jáde, tí ó sì rò pé bóyá ọ̀rọ̀ náà kò kan ọ̀rẹ́ òun. Ìwé náà padà wá bá a ní ọdún kejì, a sì kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé ẹni náà ti lọ. Ó wá rántí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti sọ orúkọ agbo ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ìwé kan, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ti kà á, inú rẹ̀ sì ti dùn sí i, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ, nítorí pé Kumasi ni ọ̀rẹ́ òun ń gbé, kí ni òun ń fi Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe? Nígbà tí ó lọ ṣí àpótí láti wá ìwé ọ̀hún, ikán ti ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀.

Ó gun ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò ju ìrìn òwúrọ̀ kan lọ láti Ẹdẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ lórí ìwé, orúkọ ìsàmì bàbá rẹ̀ ni, èyí tí wọ́n mọ̀ ní Kumasi. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ẹni tí ó mọ bàbá náà ní orúkọ yẹn. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni ilé mọ̀, bàbá wa kò sì mọ̀ ọ́n. Ìlú náà tóbi, àwọn tí ó ti Gánà dé sì pọ̀ ní gbogbo àdúgbò. Ó béèrè títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì padà sílé.

Láti ìgbà náà ni ó ti yí ọ̀nà tí ó ń gbà kọ ìwé àdírẹ́sì rẹ̀ padà, a sì bẹ̀ ẹ́ kí ó fi hàn wá. Ojú ewé kan ni ó yà sọ́tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ìlà mẹ́rin. Orúkọ tí ẹni náà ń jẹ́ lórí ìwé ni ó wà lókè, orúkọ tí ilé ń pè é sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ohun tí ó ń pè ní àdírẹ́sì ọ̀nà, ìyẹn ibi tí ẹni náà wà lọ́wọ́lọ́wọ́ nítorí iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni àdírẹ́sì ilé, ìyẹn agbo ilé ìyá tàbí ti bàbá, tàbí ẹni kan tí kì í kúrò lójú kan tí yóò máa mọ ibi tí ọ̀rẹ́ náà wà. Nínú ìwé kejì tí ó bá kọ sí ọ̀rẹ́ titun ni ó ti máa ń béèrè àdírẹ́sì ilé yìí. Ó ní ìwé kìíní ti yá jù, ẹni náà lè fura. Bí ó bá sì di ìwé karùn-ún, ọ̀rọ̀ mìíràn yóò ti gbà á lọ́kàn. A rò pé òótọ́ ni.

Kì í pa àdírẹ́sì rẹ́. Bí ọ̀rẹ́ bá ṣípò, ìlà kan ṣoṣo ni ó ń fà la ti àtijọ́ já, kí ó ṣeé kà síbẹ̀, yóò sì kọ titun sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ó gbọ́. Ó ní àdírẹ́sì tí kò ní ọjọ́ dà bí ẹyin tí a bá nínú igbó. Ènìyàn kò mọ bí ó ti pẹ́ tó. Ohun tí ó jẹ́ ká gbà pẹ̀lú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ Iléṣà. Ọmọbìnrin ni, ó lọ́kọ, orúkọ rẹ̀ yí padà, ó sì bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kaduna. Ìwé méjì padà wá. Ṣùgbọ́n agbo ilé ìyá rẹ̀ wà nínú ìwé àjákọ. Bàbá wa kọ̀wé sí ìyá náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó kí i bí ọmọ ti ń kí ìyá, ó sì sọ ẹni tí òun jẹ́. Kò pé oṣù méjì tí èsì fi ti Kaduna dé. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí kò sọnù nìyẹn. Èkejì ni obìnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń fi káàdì ránṣẹ́ ní ọdọọdún, tí kì í sì gbàgbé láti kọ gbogbo àdírẹ́sì rẹ̀ sí i, bí ẹni pé wọn kò mọ ara wọn rí.

Ní apá kejì ojú ewé náà, ó ń kọ ọjọ́ tí ó fi ìwé ránṣẹ́ àti ọjọ́ tí ó gba ìwé. Ó tún ń fún ìwé rẹ̀ ní nọ́ḿbà lókè: ìwé kìíní, ìwé kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹfààní èyí kò kéré. Bí ọ̀rẹ́ bá gba ìwé kẹfà láìgba ìkarùn-ún, yóò mọ̀ pé ọ̀kan ti sọnù lọ́nà, kò ní rò pé ọ̀rẹ́ òun kọ̀ láti dáhùn ìbéèrè òun. Mélòó ni ọ̀rẹ́ tí ó ti túká nítorí pé olúkúlùkù rò pé ẹnìkejì ni ó dákẹ́!

Àpò ìwé pẹ̀lú yẹ fún ìtọ́jú. Òǹtẹ̀ tí a lù lé sítáǹbù a máa sọ ìlú tí a ti fi ìwé ránṣẹ́ àti ọjọ́ rẹ̀, èyí tí ó lè yàtọ̀ sí ohun tí a kọ sínú ìwé. Àwọn tí ń kó sítáǹbù jọ a máa gé igun àpò ìwé sọ́tọ̀, wọn a sì sọ ìyókù nù. A bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bí ìwé tiwa bá sì padà wá, kí a ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ kí a tó bínú. Èdè Faransé ni àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ ayé ń bá ara wọn sọ. *Inconnu* túmọ̀ sí pé a kò mọ ẹni náà níbẹ̀: ó lè jẹ́ pé àwa ni a ṣi í kọ, kí a sì tún un wò. *Parti* túmọ̀ sí pé ó ti lọ: àkókò tó láti kọ̀wé sí àdírẹ́sì ilé. *Non réclamé* túmọ̀ sí pé kò wá gbà á. Ó lè jẹ́ àìsàn tàbí ìrìn-àjò, kí a dúró díẹ̀ kí a sì tún gbìyànjú. *Refusé* túmọ̀ sí pé ó kọ̀ ọ́, kí a sì bọ̀wọ̀ fún un. *Décédé* ni pé ó ti kú. Bàbá ti gba ọ̀kan nínú irú èyí tí ó kẹ́yìn yìí. Ó fi ìwé náà hàn wá, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kankan lé e. Ìwé kankan kò sì lè padà bí a kò bá kọ àdírẹ́sì tiwa sí ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbàgbé.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò wí pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni gbogbo èyí, pé fóònù ti dé. A gbà pé ó ti dé. Ẹgbẹ́ ti Turku nì pa ìlẹ̀kùn rẹ̀ dé ní 2008, nítorí pé àwọn tí ń wá ọ̀rẹ́ orí ìwé ti dín kù. Ní ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, ilé-iṣẹ́ PostNord kéde ní 2025 pé òun yóò ṣíwọ́ gbígbé lẹ́tà nígbà tí ọdún náà bá parí. Ṣùgbọ́n ní 2005 ni ọmọ ilẹ̀ Potogí kan dá Postcrossing sílẹ̀, tí ó ń fi àdírẹ́sì ẹni tí a kò mọ̀ lé wa lọ́wọ́ kí a lè fi káàdì kan ránṣẹ́ sí i, àìlóǹkà ènìyàn ní gbogbo ayé sì ti bá a ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa pé: bí fóònù bá bọ́ sínú omi, tí nọ́ḿbà kò sì sí níbòmíràn, kí ni ìyàtọ̀ omi náà àti ikán? A mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n jí fóònù rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ tí ó ju 300 lọ nínú rẹ̀. Nọ́ḿbà tí ó mọ̀ sórí kò ju ti ìyá rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a lọ, ọ̀kan nínú wa béèrè bóyá a lè da àwọn orúkọ náà kọ, kí a lè bá bàbá wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Èmi ni wọ́n fún, ẹ̀yin ọmọ mi. Wọn kò fún yín." Ó wá gbà pé kí a wá ẹyọ kan, ti Kumasi, kí a sì máa lo orúkọ àti ìlú nìkan, kí a má fi ohun mìíràn síta. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí orúkọ kankan nínú àròkọ yìí. A ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà. Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, a ti rí ẹni mẹ́ta tí ó ń jẹ́ orúkọ náà. Ọ̀kan kéré jù ní ọjọ́ orí, ọ̀kan kò dé Gánà rí, ẹnì kẹta kò tíì dá wa lóhùn.

A bá bàbá kó àwọn ìwé rẹ̀ padà sínú àpótí páànù, a sì fi káńfọ̀ sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ó tó pa ìwé àjákọ náà dé, a rí ojú ewé ti Kumasi. Ó ti da orúkọ náà kọ sí ojú ewé titun ní ọ̀nà tí ó ń gbà kọ ọ́ nísinsìnyí. Orúkọ orí ìwé wà níbẹ̀. Àdírẹ́sì ọ̀nà wà níbẹ̀, ìlà kan sì là á já, pẹ̀lú ọdún 1969. Níbi tí orúkọ tí ilé ń pè é yẹ kí ó wà, àti lábẹ́ àdírẹ́sì ilé, ó fi àlàfo sílẹ̀.